Ẹ̀ka Máńgòrò Orí Páànù Nana

Ní Sátidé kejì nínú oṣù kẹta ọdún 1991, nígbà tí agogo méje àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn ilé wa ní Krofrom, àdúgbò kan ní Kumasi, bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀. Àsìkò náà dá mi lójú, nítorí pé mo ń wáìnì aago ọwọ́ mi lọ́wọ́.

Nana ni, bàbá Aṣáńtì tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri wa. Ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ ilé sí. Ó mú ìṣó páànù kan dání, ó gbé e sókè bí ẹni tó ti rí olè mú.

"Maame!" Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń pè. "Ẹ wá wo ohun tí igi yín fà yọ lórí ilé mi!"

Ìjì ti jà ní ìrọ̀lẹ́ àná, irú èyí tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní Kumasi. Òótọ́ sì ni pé ẹ̀ka kan lára igi máńgòrò wa, tó nípọn tó itan àgbàlagbà, ti na ara rẹ̀ kọjá ògiri, tó ń ha páànù Nana bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bóyá òun ló fa ìṣó náà yọ ni mi ò lè sọ. Mo gba ìṣó, mo yí i wò. Ó ti dípẹtà dé ìdí. Ìṣó tó bá dípẹtà tó bẹ́ẹ̀ lè yọ fúnra rẹ̀ bí ológbò bá sín lórí òrùlé. Àmọ́ èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń bá àgbà sọ láàárọ̀, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì dá ìṣó rẹ̀ padà fún un.

Nana ní òun ti bá ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ìgégi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò dé, láti ìdí ni yóò sì ti gé máńgòrò náà.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Màmá àgbà. Abẹ́ igi yẹn ló ti ń din kóósè, àkàrà tí Kumasi fi ń mu kókò, ìyẹn ògì, láàárọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń kírun, abẹ́ rẹ̀ ló ti ń parí ìjà àwọn ẹlòmíì. Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Ghana, gbogbo ilé wa kó lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ilẹ̀kùn ti lọ, àwọn fèrèsé ti lọ, igi náà nìkan ló kù. "Òun nìkan ló dá mi mọ̀," Màmá àgbà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo kéré nígbà náà, mi ò lè jẹ́rìí sí ohun tí igi mọ̀ tàbí tí kò mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé èmi ò tíì gbọ́ kí ó bẹ èèyàn rí, àmọ́ ní àárọ̀ yẹn ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn lójú Nana.

"Nana, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀ka ló ṣẹ̀ yín, igi ò ṣẹ̀ yín."

Nana wo ìkòkò epo, ó wo igi, ó tún wo ìṣó ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Bí ẹ bá lè mú ẹ̀ka yẹn kúrò kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí páànù mi kan ṣoṣo bá tẹ̀, Maame, igi ń lọ."

Mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ sí Santasi lọ bá àbúrò bàbá mi.

Bàbá kékeré là ń pè é nínú ilé. Ọkùnrin gìǹgbà ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú igi: ó ń rẹ́ ẹ̀ka tó wu ilé léwu, ó ń gé èyí tó ti kú, ó ń sọ igi tó fẹ́ ṣubú kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ilé tí kò sí àyè. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ "Dókítà Igi" sí ara àkàbà rẹ̀. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, mo ti sin orílẹ̀-èdè tán, mo ń retí iṣẹ́ tí kò tètè dé, mo bá ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù.

Bàbá kékeré kì í sọ ohun kan kó má fi iyọ̀ sí i. Ó ní kò sí igi ní Kumasi tí òun ò tíì bọ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ti sọ ẹ̀ka dóńgóyárò kalẹ̀ rí lókè ọmọ ọwọ́ tó ń sùn, ọmọ náà ò jí. Mo wá ìyá ọmọ náà lọ, mo bi í. Ó ní ọmọ ò sùn rárá, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún Bàbá kékeré. "Ìyẹn gan-an ló tún dáa jù!" ni ó fi dá mi lóhùn.

Àmọ́ bí ó bá dé ìdí igi, ẹnu rẹ̀ á sinmi. Á yí igi ká. Á fi ẹ̀yìn àdá kàn án níbi púpọ̀, á máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá dún gbọ́ngbọ́n, ihò ti wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ara lé e. Á wo ìdí bóyá olú ti hù níbẹ̀, nítorí pé igi tí olú bá hù lẹ́sẹ̀ ti ń jẹrà nínú. Ọ̀rọ̀ egbò igi nìkan la ò fi ẹnu kò lé lórí. Ó fẹ́ máa fi ọ̀dà kun ojú ibi tí a bá gé, bí ẹni ń fi ọ̀rá pa ọgbẹ́. Mo ní kí ó fi sílẹ̀, igi ń wo ara rẹ̀ sàn bí a bá mọ ibi tó yẹ ká ti gé e. A rìn káàkiri lọ wo àwọn egbò àtijọ́ tó ti kùn àti èyí tí kò kùn. Lára èyí tó kùn, a rí mélòó kan tí ọrinrin ti há sábẹ́ ọ̀dà, tó ti rọ̀. Kò tó láti fi búra. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀dà wà fún àkàbà nìkan.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè a kó okùn, ayùn àti àkàbà wọ trotro. Mate, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, bi wá bóyá a ń lọ so ọkọ̀ ojú irin mọ́lẹ̀. Bàbá kékeré ti ṣírò rẹ̀ pé Nana á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì; kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo òun lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí a dé, mo yọjú lórí ògiri. Nana wà ní àgbàlá rẹ̀, ó ti da aṣọ Aṣáńtì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bora, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ojú sókè sí páànù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Nana. Ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ọlọ́run á gbọ́ mi láti ibí," ó ní. "Lónìí, òrùlé ni mo ń gbàdúrà fún."

Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Mo máa gun igi, mo máa so okùn tó nípọn mọ́ ẹ̀ka náà níwọ̀nba àárín rẹ̀. Okùn á gba inú pàlàkà kan kọjá lókè, ibi tí ẹ̀ka méjì tó lágbára ti pínyà lórí àgbàlá tiwa. Láti ibẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí igi, a ó yí i mọ́ ìdí igi kí ó má baà máa sáré, Bàbá kékeré á sì di ìrù rẹ̀ mú. Bí mo bá rẹ́ ẹ̀ka já, á fò sókè ògiri, á yí wá sí ọ̀dọ̀ wa, á máa fì lókè. Bàbá kékeré á wá máa tú okùn díẹ̀díẹ̀ títí á fi balẹ̀. Ewu rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí okùn bá dẹ̀ kí ẹ̀ka tó yí tán, orí páànù Nana ló ń lọ.

Mo bu eérú nínú ààrò Màmá àgbà, mo fi ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀, nítorí èèrà pupa tó ń rán ewé máńgòrò pọ̀ fi ṣe ilé.

"Ra á dáadáa," Bàbá kékeré ní. "Èèrà ò mọ ìwé ẹ̀rí yunifásítì o."

"Bàbá kékeré, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n mọ dókítà?"

"Èmi? Wọ́n máa ń kí mi!"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ìdí igi.

Mo gùn ún. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mí, ẹni tó mọ̀ mí á sọ pé mo máa ń wo omi kí n tó mu ún. Àmọ́ ohun kan máa ń ṣe mí lórí igi tí mi ò rí orúkọ gidi fún. Bí mo bá ti so ara mi mọ́ igi tán, tí mo rí i pé okùn ìbàdí mi dì, inú mi á máa dùn ṣìnkìn láìnídìí, bí ẹni tó mu ògógóró tí kò sì fẹnu kàn án. Afẹ́fẹ́ ń mì wá, èmi àti igi. Mo rí òrùlé Krofrom lọ títí, mo rí eruku lọ́ọ̀ọ́kán ní apá ọjà Kejetia, tàbí kó jẹ́ èéfín ni. Ẹ̀rín ń pa mí. Èèrà kan bù mí jẹ létí, eérú ò dé ibẹ̀. Ìyẹn náà pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo fi ayùn rẹ́ ẹ̀ka náà lábẹ́ ná, wọnú díẹ̀, kí ó má baà fa èèpo ara igi ya nígbà tó bá ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo sún síwájú díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ láti òkè. Oje rẹ̀ ń ta sí mi lọ́wọ́, ó ń ta mí bí ata.

"Ó kù díẹ̀!" mo pariwo.

"Mo ti dì í mú!" Bàbá kékeré dáhùn. Òótọ́ ni, mo wò ó, ó ti dì í mú.

Ẹ̀ka náà dún. Kì í ṣe ohùn kékeré. Ó ya bí aṣọ tuntun. Màmá àgbà gbọ́ ọ, ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ lókè àti ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ìyá Yorùbá tí àyà rẹ̀ bá já fún ọmọ, ohun tó máa kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ ni oríkì. Ó ké, ó gbé e:

"Ọmọ arìnnà-jìnnà-má-gbàgbé-ilé! Ọmọ afẹsẹ̀-wọn-ilẹ̀-tí-ò-mọ-bàbá-rẹ̀!"

Ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọmọkùnrin ilé wa á dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá àgbà, Màmá á sì máa kì í. Kò sẹ́ni tó ń ki ọmọ rẹ̀ tí ọmọ ń dúró wò ó. Títí Màmá á fi ní "dìde," o ò gbọdọ̀ dìde. Wọ́n ti fi èyí tọ́ Bàbá kékeré fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ara rẹ̀ ò dúró bi í.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo rí i láti òkè, ọkùnrin gìǹgbà náà, bí ó ṣe nà sórí iyanrìn, ọwọ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀. Okùn ń sáré. Ẹ̀ka náà ti já, ó ti gbéra kúrò lórí ilé Nana, kò tíì yí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wá ń sọ̀kalẹ̀ padà sórí páànù bí ìyàwó tó ń jókòó. Máńgòrò tútù kọ́kọ́ já bọ́: gbà! gbà! gbà-gbà! Mo pa ojú mi dé.

Nígbà tí mo lajú, ẹ̀ka ti dúró. Ewé rẹ̀ nìkan ló ń kan páànù, ó ń gbá a fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Igi gan-an wà lókè, kò kàn án.

"Màmá!" mo pariwo. "Ẹ ní kí wọ́n dìde! Ẹ ní kí wọ́n dìde!"

Bàbá kékeré fi ẹnu sínú iyanrìn sọ̀rọ̀. "Mi ò lè dìde, wọn ò tíì parí!"

Ìgbà náà ni mo wo okùn. Ó ti yí mọ́ ìdí igi, ìyẹn ń dín agbára rẹ̀ kù. Ìrù rẹ̀ sì gba abẹ́ Bàbá kékeré kọjá, ikùn rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún un rò. Bí ó bá dìde, páànù lọ, igi lọ.

"Màmá! Ẹ má dákẹ́ o! Ẹ máa kì wọ́n lọ! Ẹ má ṣe ní kí wọ́n dìde!"

Màmá àgbà ò bi mí ní ìdí. Ó gbé ohùn sókè. Mo tú okùn ìbàdí mi, mo ń sọ̀kalẹ̀, oríkì ń lọ nísàlẹ̀. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀. Oríkì tán. Mo ṣì wà ní àárín igi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ kún un: "Ọmọ tí mo já lẹ́nu ọmú tó fi ọ̀sẹ̀ kan bínú sí mi! Ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní, tó ní omi òjò ni! Atóbi-bí-àká, ẹni tó jẹ kóósè àwọn oníbàárà lọ́jọ́sí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," iyanrìn ń sọ̀rọ̀, "ìyẹn ò sí nínú oríkì."

Ẹ̀rín gbé mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè di igi mú. Ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí géètì ṣí, tí Nana wọlé. Máńgòrò tútù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wá rí ohun tó wà nílẹ̀: àgbàlagbà ọkùnrin, tóbi tóbi, tó nà gbalaja, tó kọ orí sí i. Nítorí ẹ̀yìn Màmá àgbà ni géètì wà. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá gba géètì wọlé.

Ojú Nana yí padà.

"Ah, ah," ó ní. "Nítorí igi? Agya, sɔre! Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí!"

"Mi ò lè dìde, Nana," Bàbá kékeré ní. Òtítọ́ ló sọ.

"Ó ní òun ò ní dìde!" Nana kọjú sí Màmá àgbà. Màmá àgbà ò mọ ohun tó yẹ kó kì mọ́. "Maame, ọmọ yín ní ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tèmi ò tiẹ̀ kúnlẹ̀ rí!"

Mo ti dé ìdí igi. Mo wé okùn mọ́ ọwọ́ mi, mo tì í mọ́ ara igi, mo sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo ti dì í mú, Bàbá kékeré. Ẹ lè dìde."

Kò dìde. Ó gbé orí sókè díẹ̀, iyanrìn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Nana," ó ní, "igi ńkọ́?"

Nana wo igi. Ó wo máńgòrò ọwọ́ rẹ̀. "Igi á dúró," ó ní. "Màá sọ fún oní-ẹ̀rọ kó má wá. Ẹ kàn máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún kí òjò tó dé."

Ìgbà yẹn ni Bàbá kékeré tó dìde, ó gbọn iyanrìn dànù, ó sì gba okùn lọ́wọ́ mi bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. A fa ẹ̀ka náà sókè, ó yí wá sí ọ̀dọ̀ wa, a sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo tún gun igi lọ rẹ́ kùkùté tó kù, ní ẹ̀yìn òrùka tó wú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀ka. Mi ò rẹ́ ẹ mọ́ ara igi, mi ò sì fi kùkùté ṣẹ́kù. Nana fúnra rẹ̀ gun àkàbà lọ wo páànù. Ó rí ibì kan tó tẹ̀ díẹ̀. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mi ò lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì bi mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Nana ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún.

Bàbá kékeré ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ní ọgbọ́n àtijọ́ ni, pé ikùn di okùn mú ju ọwọ́ lọ. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀: mi ò rí bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lè ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kí a tó gun igi ní ilé Yorùbá kankan, ó máa ń kọ́kọ́ bá àwọn ìyá ibẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ẹnikẹ́ni títí okùn á fi kúrò lọ́wọ́ wa."

Ní oṣù kẹfà iṣẹ́ mi dé, wọ́n gbé mi lọ sí Tamale. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi: Bàbá kékeré ní igi náà so débi pé wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ kó o, ìyàwó rẹ̀ ní kò so tó ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni ti àárọ̀ tí mò ń lọ. Mo gbé àpótí mi jáde. Èèpo igi ti ń wú yí egbò náà ká bí ètè. Nana wà lórí àkàbà lábẹ́ rẹ̀, ó ń já máńgòrò sínú fìlà rẹ̀, Màmá àgbà sì wà nísàlẹ̀, ó ń fi ṣíbí ìdínkóósè tọ́ka sókè, ó ń sọ fún un pé kò tíì pọ́n, kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó mú ti apá ọ̀tún.